Láti Àmì Ìsàlẹ̀ Lẹ́tà dé Táàgì HTML: Ìtàn Bí Àpèjúwe Ìwé Yorùbá Ṣe Ń Bàjẹ́ àti Bí A Ṣe Lè Tún Un Ṣe ní Ilé Ìkàwé Orí Ẹ̀rọ

Ìfáàrà

Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Àkọlé àti àpèjúwe sì ni ìjánu ìwé. Nínú ilé ìkàwé, kì í ṣe ìwé gan-an ni akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ ń bá pàdé, bí kò ṣe àkọsílẹ̀ kékeré tí ó sọ orúkọ ìwé, ẹni tí ó kọ ọ́, ọdún tí ó jáde àti ohun tí ó dá lé lórí. Bí àkọsílẹ̀ yìí bá bàjẹ́, ìwé lè wà nínú kọ̀ǹpútà fún ogún ọdún kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ní ayé ìwé orí ẹ̀rọ, irú ìbàjẹ́ kan wọ́pọ̀. Ènìyàn yóò ṣí àkọsílẹ̀ ìwé kan, ṣùgbọ́n dípò gbólóhùn tí ó ṣe é kà, yóò bá “&lt;p class="MsoNormal"&gt;”, “&nbsp;” àti “áº¹” láàárín ọ̀rọ̀. HTML, èdè tí a fi ń to ojú ewé íńtánẹ́ẹ̀tì, ni ó ti dàpọ̀ mọ́ àpèjúwe ìwé. Ìmọ̀ràn tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé kí a pa gbogbo táàgì rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Fún ìwé Gẹ̀ẹ́sì, ìmọ̀ràn yìí kì í sábà ṣe ìpalára púpọ̀. Fún ìwé Yorùbá, ó lè pa ọ̀rọ̀ gan-an rẹ́, nítorí pé ìgbà kan wà tí àwọn kan fi táàgì kọ àkọtọ́ wa.

Iṣẹ́ yìí tọpasẹ̀ ọ̀rọ̀ náà láti ọdún 1843 títí di àsìkò ìwé orí ẹ̀rọ. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé ìṣòro táàgì kì í ṣe ìṣòro tuntun: ó jẹ́ apá kan nínú ìtàn gígùn tí ẹ̀rọ ìkọ̀wé kọ̀ọ̀kan ń dé láìní àyè fún àmì èdè Yorùbá, tí àwọn tó ń kọ èdè náà sì ń wá ọgbọ́n dá sí i. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn ọgbọ́n wọ̀nyí yóò kó wọn dànù pọ̀ mọ́ ìdọ̀tí.

Àkọtọ́ àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, 1843 sí 1974

Ní ọdún 1843 ni ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Samuel Ajayi Crowther kọ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìṣòro tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú CMS dojú kọ ni pé lẹ́tà tí ilé ìtẹ̀wé Gẹ̀ẹ́sì ní kò tó fún ìró èdè wa. E kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì ní. Yorùbá ní e àti ẹ. Bákan náà ni o àti ọ, àti s àti ṣ. Ní àárín àwọn ọdún 1850, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Jámánì kan, Richard Lepsius, gbé álífábẹ́ẹ̀tì kan jáde tí a lè fi kọ gbogbo èdè ayé, ó sì lo àmì tí a fi sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà láti ya ìró kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn. CMS tẹ́wọ́ gba ìlànà yìí fún àwọn èdè Áfíríkà.

Láti ìgbà náà ni àmì ìsàlẹ̀ ti wọ inú ìwé Yorùbá. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1859, Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta. Ní ọdún 1875, àpérò kan wáyé ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè náà sílẹ̀. Nígbà tí odindi Bíbélì Yorùbá jáde ní 1884, ọ̀nà ìkọ̀wé náà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Síbẹ̀, ilé ìtẹ̀wé tí kò bá ní lẹ́tà òjé ọ kò lè tẹ ọ. Bí owó lẹ́tà ṣe tó ni àkọtọ́ ṣe ń rí.

Nígbà tí táípúráítà wọ ọ́fíìsì, ìṣòro náà tún yọjú. Táípúráítà Gẹ̀ẹ́sì kò ní ẹ, kò sì ní àmì ohùn. Ohun tí òǹtẹ̀wé ń ṣe ni pé yóò tẹ ọ̀rọ̀ tán, yóò wá fi gègé fi àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn mìíràn ń dá ẹ̀rọ padà sẹ́yìn, wọ́n á fa ìlà sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà. Ìlà yìí dúró fún àmì ìsàlẹ̀, ẹni tí ó bá mọ èdè sì ń kà á bẹ́ẹ̀. Kí ẹ jọ̀wọ́ fi ìlà yìí sọ́kàn, nítorí yóò tún padà wá.

Ní 1965, Ayọ̀ Bámgbóṣé tẹ ìwé kan jáde lórí àkọtọ́ Yorùbá. Ní 1966 ìgbìmọ̀ kan jókòó lé ọ̀rọ̀ náà. Ní 1974 ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní. “Aiye” di “ayé”, “enia” di “ènìyàn”. Èyí já sí pé ìwé méjì tí ó sọ̀rọ̀ nípa ohun kan náà lè ní ọ̀nà ìkọ̀wé méjì, bí ọ̀kan bá jáde ṣáájú 1974 tí èkejì sì jáde lẹ́yìn rẹ̀. Alábòójútó ilé ìkàwé tí ó bá ń tún àkọlé àtijọ́ kọ ní àkọtọ́ tuntun láìfi ti àtijọ́ sílẹ̀ ń pa ẹ̀rí ìtàn rẹ́.

Àtúbọ̀tán àìsí àmì hàn kedere. Ọkọ ni ọkùnrin tí ó fẹ́ ìyàwó. Ọkọ́ ni a fi ń ro oko. Ọkọ̀ ni a ń wọ̀ rìnrìn àjò. Ọ̀kọ̀ ni ohun ìjà. Oko ni ibi tí àgbẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Bí àmì bá kúrò, gbogbo wọn di “oko”. Ìwé D. O. Fágúnwà tí ó jáde ní 1938 ní ọ̀rọ̀ “ọdẹ” nínú àkọlé rẹ̀. Bí a bá kọ ọ́ ní “ode” sínú kátálọ́ọ̀gù, ẹni tí kò mọ ìwé náà lè rò pé òde ni, tàbí kí ó tilẹ̀ kà á sí ọ̀dẹ̀. Ọdẹ akíkanjú wá di ẹni tí kò gbọ́n.

Káàdì, MARC àti kọ̀ǹpútà

Ní àwọn ọdún 1960, Henriette Avram ní Library of Congress, Amẹ́ríkà, darí iṣẹ́ tí ó bí MARC, ìlànà tí ó sọ káàdì ilé ìkàwé di ohun tí kọ̀ǹpútà lè kà. Ní 1963 ni ASCII ti jáde, àkójọ àmì 128 péré tí kọ̀ǹpútà fi ń pa lẹ́tà mọ́. Kò sí ẹ, ọ tàbí ṣ nínú rẹ̀. Nígbà tí Michael Hart bẹ̀rẹ̀ Project Gutenberg ní 1971, ilé ìkàwé ìwé orí ẹ̀rọ tí ó pẹ́ jù lọ, irú àmì ìpìlẹ̀ wọ̀nyí ni ó fi tẹ ìwé àkọ́kọ́. Ohun tí ó rọrùn fún Gẹ̀ẹ́sì di ohun tí gbogbo ayé ń bá yí.

Àwọn ilé ìkàwé kò jókòó tẹtẹrẹ. Àkójọ àmì tí wọ́n ń pè ní ANSEL, tí ó di ìlànà ní Amẹ́ríkà ní 1985, ní àmì ìsàlẹ̀, àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀ ohùn. Ṣùgbọ́n nínú ANSEL, àmì ni ó ń ṣáájú lẹ́tà. Nínú Unicode, tí ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1991, àmì ni ó ń tẹ̀lé lẹ́tà. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá kó àkọsílẹ̀ àtijọ́ sínú ẹ̀rọ tuntun láìyí ètò yìí padà, àmì tí ó yẹ kí ó wà lórí lẹ́tà kan yóò bọ́ sórí èyí tí ó wà ṣáájú rẹ̀.

Ní Nàìjíríà náà, National Language Centre ṣètò álífábẹ́ẹ̀tì kan ní àwọn ọdún 1980 fún gbogbo èdè orílẹ̀-èdè yìí, lẹ́tà 33 ni ó sì ní, ẹ, ọ àti ṣ wà lára wọn. Ní 1993 ni Unicode fi ẹ àti ọ kún lẹ́tà rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tí ó dá dúró. Èdè Vietnam ń lo àwọn náà. Ṣùgbọ́n ọ́, ọ̀, ẹ́ àti ẹ̀ kò ní nọ́ńbà ti ara wọn títí di òní. Ńṣe ni a ń so lẹ́tà àti àmì pọ̀. A lè kọ́kọ́ kọ ọ kí a tó fi àmì ohùn lé e. A lè kọ́kọ́ kọ ó kí a tó fi àmì sí ìsàlẹ̀. A sì lè to o, àmì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ojú ènìyàn, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ní ojú kọ̀ǹpútà tí a kò bá kọ́, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó tẹ “ọkọ̀” ní ọ̀nà kan kò ní rí ìwé tí wọ́n kọ ní ọ̀nà kejì.

Bí HTML ṣe wọ inú àpèjúwe ìwé

Tim Berners-Lee ni ó dá HTML sílẹ̀ ní CERN, ìlú Geneva, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Nínú HTML, àwọn lẹ́tà tí kò sí lórí kíbọ́ọ̀dù ní orúkọ tí a lè fi pè wọ́n. “&ograve;” ni ò, “&eacute;” sì ni é. Àwọn èdè ìwọ̀ oòrùn Yúróòpù ni wọ́n fi ọ̀pọ̀ orúkọ náà rò. Ẹ, ọ àti ṣ kò rí orúkọ gbà. Ẹni tí ó bá rò pé “&odot;” yóò fún òun ní ọ yóò rí ⊙, àmì àwọn onímọ̀ ìṣirò. Nọ́ńbà nìkan ni ó ṣiṣẹ́: “&#7865;” fún ẹ, “&#7885;” fún ọ, “&#7779;” fún ṣ.

Ní 1995, àwọn onímọ̀ pàdé ní ìlú Dublin ní ìpínlẹ̀ Ohio, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ Dublin Core, ìlànà kúkurú fún àkọsílẹ̀ ohun orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àyè kan wà nínú rẹ̀ fún àpèjúwe. Nígbà tí EPUB jáde ní 2007 gẹ́gẹ́ bí ìlànà ìwé orí ẹ̀rọ, Dublin Core ni ó lò. Ọ̀rọ̀ lásán nìkan ni àyè náà gbà. Ṣùgbọ́n àwọn atẹ̀wé ti kọ àpèjúwe wọn ní HTML, kí ó lè lẹ́wà lórí ọjà íńtánẹ́ẹ̀tì. Kí ó lè wọlé, wọ́n pa àmì “<” dà sí “&lt;”. Bí ẹ̀rọ kejì bá tún pa á dà, ó di “&amp;lt;”. Calibre, tí Kovid Goyal bẹ̀rẹ̀ ní 2006, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ṣètò ìwé orí ẹ̀rọ wọn, ń pa àpèjúwe mọ́ ní HTML. Bí a bá kó irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ sínú ètò mìíràn tí ó ń retí ọ̀rọ̀ lásán, táàgì yóò jáde sójú òǹkàwé.

Ọ̀nà kẹta ni Microsoft Word. Bí olùkọ́ bá ṣe ẹ̀dà ọ̀rọ̀ láti inú Word, tí ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àkọsílẹ̀, ó lè kó ẹrù tí kò fojú rí wọlé: irú fọ́ńtì, ìwọ̀n lẹ́tà, àyè òfìfo. Ọ̀nà kẹrin ni kí ẹ̀rọ ka Unicode bí ẹni pé ìlànà àtijọ́ ni. Nígbà náà ẹ á di “áº¹”, ṣ á sì di “á¹£”. Níbi tí a ti ń retí iṣẹ́, owó pọ́n-ùn ni ó jáde.

Nígbà tí táàgì jẹ́ àkọtọ́

Ibí yìí ni ìlà táípúráítà ti padà wá. Kí Unicode tó gbilẹ̀, àwọn tí wọ́n fẹ́ fi Yorùbá sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kò ní ọ lórí kíbọ́ọ̀dù wọn, fọ́ńtì tí ó ní in kò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n HTML ní táàgì “<u>” tí ń fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀. Àwọn kan fa ìlà náà sábẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo, gẹ́gẹ́ bí òǹtẹ̀wé ayé àtijọ́ ti ṣe. “<u>o</u>” di ọ, “<u>s</u>” di ṣ. Kò sí àṣìṣe nínú ohun tí wọ́n ṣe. Ohun èlò tí ó wà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n fi dá èdè wọn sí.

Ẹ jẹ́ kí a gbé àpẹẹrẹ kan yẹ̀ wò, èyí tí a kọ fún iṣẹ́ yìí. Àpèjúwe ìwé kan kà báyìí:

<p><b>Ìtàn <u>o</u>d<u>e</u> kan</b></p>

Bí a bá ní kí ètò kọ̀ǹpútà pa gbogbo táàgì rẹ́, ohun tí yóò kù ni “Ìtàn ode kan”. Ó mọ́ lójú, kò sí táàgì kankan níbẹ̀ mọ́, ètò náà yóò sì ròyìn pé iṣẹ́ ti parí. Ọdẹ ti kúrò nínú ìtàn rẹ̀. Bí a bá kọ́kọ́ mọ ohun tí “<u>” ń ṣe níbẹ̀, “Ìtàn ọdẹ kan” ni yóò kù.

Ọ̀rọ̀ fọ́ńtì le ju èyí lọ. Àwọn fọ́ńtì kan wà láyé àtijọ́ tí wọ́n mú àyè àmì mìíràn, wọ́n sì ya ọ tàbí ẹ sí i. Táàgì “<font>” ni ó sọ irú fọ́ńtì tí a fi kọ ọ́, òun nìkan sì ni kọ́kọ́rọ́ tí a lè fi túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Bí a bá pa táàgì yìí rẹ́ kí a tó túmọ̀ ọ̀rọ̀, a ti ju kọ́kọ́rọ́ sódò.

Ìlànà àtúnṣe

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Orísun àkọsílẹ̀ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ìlànà tí a dábàá nìyí, ètò bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn sì ṣe pàtàkì.

Àkọ́kọ́, kí a ṣe ẹ̀dà àkọsílẹ̀ náà bí ó ṣe wà, kí a sì fi pamọ́. Àṣìṣe inú àtúnṣe ṣe é tún ṣe bí ẹ̀dà bá wà. Bí kò bá sí, ó parí nìyẹn.

Èkejì, kí a tún ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ ṣì kà ṣe, kí “áº¹” padà di ẹ. Lẹ́yìn náà ni kí a yí “&lt;” padà sí “<”, kí a sì sọ “&#7885;” di ọ. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n pa á dà, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni a ó yí i padà.

Ẹ̀kẹta, kí a wá gbogbo táàgì “<u>” àti “<font>”. Bí “<u>” bá yí e, o tàbí s kan ṣoṣo ká láàárín ọ̀rọ̀, tàbí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ tí ó ní àmì ohùn lórí, kí a sọ ọ́ di ẹ, ọ tàbí ṣ. Bí ó bá yí odindi ọ̀rọ̀ ká, ó ṣeé ṣe kí àkọlé ìwé ni ẹni náà ń tọ́ka sí. Kí ènìyàn wò ó fúnra rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ìgbà yìí ni kí a tó pa táàgì yòókù rẹ́. Kí òpin ìpínrọ̀ di ìlà tuntun, kí ọ̀rọ̀ ìpínrọ̀ méjì má baà lẹ̀ mọ́ra wọn.

Ẹ̀karùn-ún, kí a sọ gbogbo lẹ́tà àti àmì di ẹyọ ìlànà Unicode kan ṣoṣo, èyí tí wọ́n ń pè ní NFC. Nínú rẹ̀, ọ ni ó ń ṣáájú, àmì ohùn á tẹ̀lé e. Kí ètò ìwákiri náà máa yí ohun tí òǹkàwé bá tẹ̀ padà sí ìlànà kan náà.

Ẹ̀kẹfà, kí ẹni tí ó gbọ́ èdè náà kà á. Kò sí ètò kọ̀ǹpútà tí ó lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé “ode” tí àmì rẹ̀ ti sọnù jẹ́ òde tàbí ọdẹ láìka ohun tí ó yí i ká. Bí kò bá dájú, kí a fi í sílẹ̀ bí ó ṣe wà, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ń dúró de àyẹ̀wò. Àmì tí a fi àbá fi sí i burú ju àìsí àmì lọ.

Aladja àti iṣẹ́ àwọn olùkọ́

A lè béèrè pé kí ni èyí kan Aladja, ìlú Urhobo tí irin sọ di olókìkí. Ní 1982 ni Ààrẹ Shehu Shagari ṣí Delta Steel Company níbẹ̀. Gáàsì ilẹ̀ wa ni wọ́n fi ń yọ ọ́síjìn kúrò lára òkúta irin kí wọ́n tó yọ́ ọ nínú iná mànàmáná. Ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ̀ pé ìdàrọ́ ni a ń gbọ́n kúrò, kì í ṣe irin. Iṣẹ́ ìyàsọ́tọ̀ kan náà ni a ń sọ nípa rẹ̀.

Ìdí kejì lágbára ju ti àfiwé lọ. Agbègbè Warri ni Urhobo, Ìtsẹ̀kírì àti Ìjọ ti ń gbé pọ̀. Èdè Ìtsẹ̀kírì jẹ́ mọ̀lẹ́bí Yorùbá tímọ́tímọ́. Urhobo kì í ṣe ẹbí kan náà tààrà, ṣùgbọ́n ẹ àti ọ wà nínú àkọtọ́ àwọn méjèèjì. Ohun tí ó bá ń ba àpèjúwe ìwé Yorùbá jẹ́ yóò ba tiwọn náà jẹ́. Yorùbá ní ìwé púpọ̀. Bí ogún bá sọnù nínú kátálọ́ọ̀gù, ọgọ́rùn-ún ṣì kù. Èdè tí ìwé rẹ̀ kò tó nǹkan kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Àkọsílẹ̀ mẹ́ta tí a kò rí mọ́ lè jẹ́ ìdajì ohun tí olùkọ́ ní láti fi kọ́ ọmọ.

Láti ìgbà iṣẹ́ ìwádìí Ilé-Ifẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1970, níbi tí a ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, a ti mọ̀ pé ọmọ lè fi èdè abínibí kọ́ ẹ̀kọ́. Ìlànà Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè ti 1977 náà fún èdè abínibí ní àyè. Ṣùgbọ́n olùkọ́ kò lè fi ìwé tí kò rí kọ́ni. A dábàá pé kí ẹ̀ka èdè Nàìjíríà àti ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ pawọ́ pọ̀ ṣe iṣẹ́ yìí. Kí a fún akẹ́kọ̀ọ́ NCE kọ̀ọ̀kan ní àkọsílẹ̀ mẹ́wàá tí ó bàjẹ́, kí ó tún wọn ṣe, kí ó sì ṣàlàyé ìdí tí ó fi yan àmì kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ náà yóò kọ́ ọ ní àkọtọ́ àti àmì ohùn ju kí ó kàn máa há òfin sórí lọ, ilé ìkàwé yóò sì rí èrè rẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn tí a gbé yẹ̀ wò fi hàn pé lẹ́tà òjé, táípúráítà, ASCII àti HTML kò fi Yorùbá sí ọkàn nígbà tí wọ́n dé. Nígbà kọ̀ọ̀kan, àwọn tó ń kọ èdè náà fi gègé, ìlà tàbí táàgì dí àlàfo náà. Àpèjúwe ìwé tí ó bàjẹ́ lónìí kún fún ìdọ̀tí, ó sì kún fún irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. A rọ ẹ̀yin aṣojú tí ẹ bá padà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì yín kí ẹ wá ìwé Yorùbá, Urhobo tàbí Ìtsẹ̀kírì kan nínú kátálọ́ọ̀gù ilé ìkàwé yín, kí ẹ kọ́kọ́ fi àmì wá a, kí ẹ tún wá a láìfi àmì sí i. Ohun tí ẹ bá rí ni yóò sọ ibi tí iṣẹ́ ti yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀.